Irú CV wo ló yẹ yín? Ìfiwéra fún àgùnbánirọ̀, fún ẹni tó ń pààrọ̀ iṣẹ́ àti fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì

Ní Agbowó tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, bí àwọn àgùnbánirọ̀ bá ti ń sìn tán, CV la máa ń tẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, èèyàn mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ọ̀kan jẹ́ ọmọbìnrin ẹni ọdún 23 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kebbi dé. Ìkejì jẹ́ obìnrin ẹni ọdún 46 tó ti ṣiṣẹ́ ní báńkì rí, tó wá ta aṣọ ní Gbági fún ọdún 8, tó sì fẹ́ padà sí ọ́fíìsì. Ìkẹta jẹ́ bàbá ẹni ọdún 61, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé-ìwé aládàáni kan ní kó mú CV wá. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wá lọ́wọ́ mi: "Ṣé ẹ ò ní ọ̀kan nílẹ̀ tí ẹ kàn máa yọ orúkọ ẹni yẹn kúrò, kí ẹ fi tèmi sí i?"

Mo ní in. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà wo ni kò ní in nílẹ̀? Òun ló fà á tí CV ọmọ 23 fi máa ń jọ ti bàbá 61 bí Táyé ṣe jọ Kẹ́hìndé, tí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ á sì ka méjèèjì láìrántí ìkankan.

Bí ẹ bá ń yan irú CV tí ẹ máa kọ, ohun kan péré ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n: kí ló máa wà ní ìdá kan nínú mẹ́ta òkè ojú ewé àkọ́kọ́? Ibẹ̀ ni ojú máa ń kọ́kọ́ bà lé. Bí ìwé bá sì pọ̀ lórí tábìlì, ibẹ̀ náà ni ojú máa ń dúró sí. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹ wo ohun tó lágbára jù lọ́wọ́ yín, kí ẹ wá yan ọ̀nà tó máa gbé e dé òkè. Ọjọ́ orí yín kọ́ ló máa yan ọ̀nà náà, àmọ́ ọjọ́ orí máa ń yí ohun tó lágbára lọ́wọ́ èèyàn padà.

(Òyìnbó la fi ń kọ CV ní Nàìjíríà. Mo fi Yorùbá kọ àwọn àpẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀ kí wọ́n lè yé wa dáadáa. Ẹ̀yin ẹ fi Òyìnbó kọ tiyín.)

Ọ̀nà mẹ́ta tí a ń gbà tò ó

Àkọ́kọ́ ni èyí tí mo máa ń pè ní *ọlọ́jọ́*. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe kẹ́yìn ló máa ń ṣíwájú, ẹ ó wá máa fà á sẹ́yìn títí dé èyí tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á ní orúkọ ilé-iṣẹ́, ipò yín níbẹ̀, oṣù àti ọdún tí ẹ wọlé, ìgbà tí ẹ jáde, àti ohun tí ẹ gbé ṣe. Kò sí agbanisíṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n kà. Bí ẹ bá ti ń gòkè láti ipò kan dé òmíràn, ó máa hàn sí i lójú ẹsẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé bí ọdún kan bá sọnù, àlàfo náà máa hàn bí eyín tó ká lẹ́nu ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

Ìkejì ni *onímọ̀ọ́ṣe*. Ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ló máa gba òkè, ẹ ó pín in sí ìsọ̀rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọn ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ á kàn wà nísàlẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà tí Leonardo da Vinci kọ sí Ludovico Sforza, alákòóso Milan, ní nǹkan bí ọdún 1482 ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pè ní CV àkọ́kọ́, irú èyí gan-an sì ni. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni Leonardo nígbà náà. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ogun ló wà lọ́kàn ẹni tó ń kọ̀wé sí, ló bá to afárá tó ṣeé gbé kiri, ohun ìjà oríṣiríṣi àti ọ̀nà tí a fi ń fa omi kúrò nínú yàrà ìlú tí a bá dó tì. Ìparí lẹ́tà ló tó mẹ́nu ba àwòrán yíyà, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí ayàwòrán lónìí!

Àmọ́ Leonardo ò kọ̀wé sí ọ́fíìsì kankan ní Victoria Island. Bí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ níbí bá rí CV tí kò ní ọjọ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ rò ni pé, "Kí lèyí ń fi pamọ́?" Tèmi ni pé kí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì má lò ó. Ẹni tó yẹ fún ni oníṣẹ́ ọwọ́: wẹ́dà, télọ̀, ẹni tó ń ṣe iná ilé, tí wọ́n ti bá ọgọ́rùn-ún oníbàárà ṣiṣẹ́ láìní ọ̀gá kan pàtó. Irú wọn á kọ ìpele Trade Test tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Ilé-iṣẹ́ Ìjọba tó ń rí sí Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, tàbí ìwé-ẹ̀rí NABTEB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, sókè pátápátá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irú iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe àti ibi tí a ti lè lọ wò ó. Ọ̀rọ̀ tiwọn parí síbẹ̀. Ojú ewé kan ti tó.

Ìkẹta ni mo máa ń pè ní *àbùlà*, Ìbàdàn ṣáà la wà. Bí gbẹ̀gìrì àti ewédú ṣe ń pàdé lórí àmàlà, ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún nípa ìmọ̀ọ́ṣe ló máa wà lókè, iṣẹ́ tí a fi ọjọ́ tò á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń kúrò nínú iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, tàbí tí ìrírí rẹ̀ gùn débi pé agbanisíṣẹ́ lè sọnù sínú rẹ̀, àbùlà ni kó jẹ.

Ọmọ 23: ọlọ́jọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ̀kọ́ ṣíwájú

CV tí ọmọbìnrin yẹn mú wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tí gbogbo wa ti kà sórí: pé òun ń wá iṣẹ́ ní ibi tí òun ti máa lè lo ẹ̀bùn òun fún ìdàgbàsókè ilé-iṣẹ́ àti ti ara òun. Gbólóhùn yìí gba ìlà mẹ́ta nínú ibi tó ṣe iyebíye jù, kò sì sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn, àti pé kò tíì lọ́kọ. Ojú ewé ti dé ìdajì kí a tó mọ̀ pé ó ka ìmọ̀ ìṣirò, tó sì gba 2:1.

Ìlà kan péré ló kọ nípa ìsìnrú-ìlú: "NYSC, Kebbi". Láti 1973 tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti lọ. Pé èèyàn lọ kò yà á sọ́tọ̀. Mo bi í pé kí ló ṣe níbẹ̀.

"Mo kọ́ wọn ní ìṣirò, àǹtí."

"Kíláàsì wo? Àwọn mélòó?"

"SS2. Wọ́n tó 70. Kò sí ìwé, èmi ni mo máa ń tẹ ìbéèrè fún wọn lórí fóònù mi. Mo dá kíláàsì ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ṣe WAEC."

Ìyẹn ni iṣẹ́! Ìlà mẹ́ta ló di, ó sì gba ipò tí gbólóhùn ẹlẹ́bùn yẹn ti ń jókòó sí.

Ohun kejì tí àwọn ọmọ máa ń gbàgbé ni SIWES, iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ ní ilé-iṣẹ́, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní IT. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjinnía àti sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì máa ń lò nídìí rẹ̀, àwọn ọmọ pólì sì máa ń lo ọdún kan sí i láàárín ND àti HND. Ìrírí ni. Ẹ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ẹ kọ ẹ̀rọ tàbí ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ fọwọ́ kàn. Ṣọ́ọ̀bù òbí tí ẹ bá wọn tọ́jú, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ jẹ́ akápò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wúlò bí nǹkan kan bá wà tí ẹ gbé ṣe níbẹ̀.

Ojú ewé kan ni fún ọmọ 23. Ẹni tó bá gba 2:1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó kọ ọ́. Ẹni tó bá gba third class lè kọ orúkọ oyè rẹ̀ láìkọ ìpele rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè, kó sọ òótọ́. Ní ti "kíkàwé, ìrìn-àjò àti bíbá èèyàn pàdé" tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ ohun tí wọ́n nífẹ̀ẹ́ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ẹni 46: àbùlà, kí ọjà sì wọ inú CV

Níbí ni mo ti máa pẹ́ díẹ̀, torí irú rẹ̀ ló ń wá jù báyìí. Obìnrin yìí ti ṣiṣẹ́ báńkì fún ọdún 9. Lórí CV rẹ̀, iṣẹ́ báńkì ló kẹ́yìn, ó sì parí lọ́dún 8 sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, òfìfo. Ẹni tó bá kà á máa rò pé ilé ló jókòó sí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Gbági ńkọ́?"

Ó ní, "Ọjà ni mo kàn ń tà. Ṣé ìyẹn náà niṣẹ́ tí èèyàn ń kọ síwèé?"

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti ṣe irú àlàfo yìí, ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n wéra. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lófìfo, agbanisíṣẹ́ á fi ohun tó bá wù ú kún un, kì í sì í sábà jẹ́ ohun rere. Bí ẹ bá fa ọjọ́ tí ẹ kúrò ní báńkì síwájú láti fi bo àlàfo, lẹ́tà kan ṣoṣo sí báńkì náà ti tú àṣírí yín. Ọ̀nà kẹta ni pé kí ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe gan-an, kí ẹ sì fún un ní orúkọ tó tọ́ sí i. Ohun tí èmi àti ẹ̀gbọ́n náà kọ nìyí:

*Olùdarí okòwò aṣọ, Ọjà Gbági, Ìbàdàn. Mo ra ọjà l'Ékòó, mo sì tà á fún àwọn alátùntà ní Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Mo gba ọmọ ọjà mẹ́ta síṣẹ́, mo sì kọ́ wọn. Mo ń ṣe ìṣirò èrè àti gbèsè lóṣooṣù lórí Excel. Mo dá títà lórí WhatsApp sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ọjà pa ní 2020.*

Iṣẹ́ tó ń wá ni alábòójútó ọ́fíìsì. Òkè CV rẹ̀ wá ní ìlà mẹ́rin: bíbójútó òṣìṣẹ́, ìṣirò owó, bíbá oníbàárà sọ̀rọ̀, ríra nǹkan fún ilé-iṣẹ́. Báńkì jẹ́rìí sí méjì nínú wọn, Gbági jẹ́rìí sí gbogbo rẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọn ò ta ọjà, tí wọ́n jókòó ti ìyá tó ń ṣàìsàn, tàbí tí wọ́n ń tọ́ ọmọ. Ìlà kan tó mọ́ ti tó: ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ọdún tó parí, "mo ń tọ́jú òbí", àti ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín rẹ̀, bí ó bá wà. LinkedIn pàápàá ti ṣí àyè sílẹ̀ fún irú ìsinmi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti 2022, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni láti kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí wá ńkọ́? Ìpolówó iṣẹ́ tó ní "kò gbọdọ̀ ju ọdún 26 lọ" ò ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Bí ìpolówó bá béèrè ọjọ́ ìbí, ẹ kọ ọ́. Bí kò bá béèrè, kò sí ìdí tí ẹ fi máa fi òkúta ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi sọ yín. Ẹ yọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò, WAEC ò sì nílò ju ìlà kan lọ.

Bàbá 61: ojú ewé 7 di 2

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkìísà gan-an ló kún inú CV bàbá wa. Ìwé-ẹ̀rí Primary Six wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbéga láti ìpele 04 wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́tà tí wọ́n fi gbé e ga. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì tó lọ ní 1991 wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ilé-ìwé fẹ́ kó wá ṣe, ìyẹn bíbójútó owó, ojú ewé karùn-ún ló tó yọjú.

Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ máa ń rò pé gígùn CV ni ọ̀wọ̀. Agbanisíṣẹ́ ń wá ohun tó jọ ìṣòro tòun. A mú ọdún 12 tó kẹ́yìn, a ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Gbogbo èyí tó ṣáájú di ìlà mẹ́ta. Òkè gba èyí: *Akáǹtáǹtì tó ti bójú tó owó oṣù òṣìṣẹ́ 340, tó sì ti dúró níwájú àwọn ayẹ̀wéwò ìjọba lọ́dọọdún láìní àlébù.* Lẹ́yìn náà ni àbùlà tẹ̀ lé e.

Ó fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì kúrò. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀." Òṣìṣẹ́ ìjọba ní láti lọ bí ó bá pé ọdún 60 tàbí bí ó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. (Àwọn olùkọ́ ni òfin 2022 fún ní 65 àti 40.) Bí ẹni 61 bá kọ pé òun fẹ̀yìn tì, gbogbo èèyàn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ó bá fi í pamọ́, ó lè dà bíi pé wọ́n lé e ni.

Ohun méjì mìíràn tí mo máa ń rí lára CV àwọn àgbà: àkọ́kọ́ ni àwọn tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí. Nínú mẹ́ta tí bàbá kọ, méjì ti dágbére fáyé, ìkẹta sì ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Houston. Ẹ pe ẹlẹ́rìí yín kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀. Ìkejì ni ímeèlì. Ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wà lórí CV. Bí ilé-ìwé bá kọ̀wé, ọmọ náà á rí i nígbà tó bá wù ú, ẹni tó sì ń gbani síṣẹ́ á rò pé bàbá ò mọ kọ̀ǹpútà. Mo ní ká ṣí tirẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Gbólóhùn kan sí èkejì

Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, inú gbólóhùn ni CV ti ń kú. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí, èyí tí wọ́n gbé wá àti èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀:

*Mo wà nídìí títa ọjà.* A sọ ọ́ di: *Mo ta ọjà fún ilé ìtajà 45 ní Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, mo fi 12 kún wọn láàárín ọdún kan.*

*Mo lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìnira, mo sì lè bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀.* A yọ ọ́ kúrò. Kò sí ẹni tó máa kọ pé òun kò lè ṣe é.

*Mo mọ kọ̀ǹpútà.* A sọ ọ́ di: *Excel (ìwé owó oṣù, pivot table), Word, QuickBooks.*

*Mo ran ọ̀gá mi lọ́wọ́ nínú oríṣiríṣi iṣẹ́.* Mo bi ọmọ náà ní ìbéèrè mẹ́rin kí n tó mọ̀ pé òun ló ń kọ gbogbo ìwé tí wọ́n fi ń béèrè gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà. Ìyẹn la kọ.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ni kó ṣíwájú, kí iye tẹ̀ lé e bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Bí ẹ ò bá mọ iye náà, ẹ má dá a sílẹ̀ láti inú orí yín. Wọ́n máa béèrè nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Bí CV bá máa sọdá òkun

Àwọn tó ń fi CV ránṣẹ́ sókè òkun láti Agbowó kò kéré. CV tó dára níbí lè da nǹkan rú níbẹ̀.

| | Nàìjíríà | Ìlú Ọba | Amẹ́ríkà |
|---|---|---|---|
| Orúkọ rẹ̀ | CV | CV | résumé. CV jẹ́ ti àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì |
| Gígùn | ojú ewé 2, àwọn kan ń gba 3 | 2 | 1, tàbí 2 fún ẹni tó ti pẹ́ |
| Ọjọ́ ìbí | ọ̀pọ̀ ń kọ ọ́ | ẹ yọ ọ́ | ẹ yọ ọ́ |
| Ẹ̀sìn, ìgbéyàwó | wọ́n ṣì ń kọ ọ́ | ẹ yọ ọ́ | ẹ yọ ọ́ |
| Fọ́tò | bí wọ́n bá béèrè | rárá | rárá |
| Ìwọ̀n ìwé | A4 | A4 | Letter |

Òfin ló wà lẹ́yìn ìyàtọ̀ yẹn. Equality Act ti 2010 ní Ìlú Ọba ka ọjọ́ orí, ẹ̀sìn àti ìgbéyàwó mọ́ àwọn ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ṣe ojúsàájú sí ẹni tó ń wá iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1967 kan wà tó ń dáàbò bo ẹni tó ti pé ọdún 40 sókè. Bí ẹ bá fi fọ́tò àti ọjọ́ ìbí sí i, ẹ ti fi ohun tí agbanisíṣẹ́ ò fẹ́ rí sí i lójú.

Àwọn nọ́ọ̀sì wa ni mo máa ń kìlọ̀ fún jù: lórí NHS Jobs, ibi tí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba Ìlú Ọba ti ń polówó iṣẹ́, fọ́ọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ kún. Àyè tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni ibi tí ẹ ti máa ṣàlàyé, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ṣe ní ohun tí wọ́n tò sínú ìwé tí wọ́n fi ṣàpèjúwe ẹni tí wọ́n ń wá. CV tó rẹwà jù lọ láyé ò ní ràn yín lọ́wọ́ bí ẹ bá fi àyè yẹn sílẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé láti kọ Yorùbá sábẹ́ èdè tí ẹ gbọ́. Níbi bíi Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó lè bá ìyá arúgbó sọ Yorùbá ní ilé ìwòsàn ní ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò ní.

Ẹwà, PDF àti kọ̀ǹpútà tó ń kà á

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ràn CV aláwọ̀ mèrèmèrè tí wọ́n fi Canva ṣe: òpó méjì, fọ́tò olóbìrípo, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún fún "ìdarí". A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń lo ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní ATS láti kó CV jọ àti láti yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn kan nínú wọn sì máa ń ka òpó méjì já ara wọn, tí ọjọ́ iṣẹ́ á fi lọ lẹ̀ mọ́ nọ́ńbà fóònù. Ayàwòrán àti ẹni tó ń ṣe ìpolówó lè lo aláwọ̀. Ẹlòmíràn, òpó kan, lẹ́tà dúdú, funfun tó mọ́.

PDF kì í yí padà láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, òun ni kí ẹ fi ránṣẹ́ àfi bí wọ́n bá ní Word ni àwọn fẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ìpolówó lò ni kí ẹ̀yin náà lò: bí wọ́n bá pe iṣẹ́ náà ní *payroll*, ẹ má kọ *salary matters*.

NIN, BVN àti nọ́ńbà àkáǹtì ò ní iṣẹ́ kankan lórí CV. Mo ti rí ibi tí wọ́n kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú orúkọ ìyá. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù kí òun tó ka CV yín, ẹ mọ̀ ọ́n.

Àwọn oníbàárà mi máa ń béèrè bóyá kí wọ́n jẹ́ kí ChatGPT kọ ọ́ fún wọn. Èmi tó ń gbowó nídìí iṣẹ́ yìí lè sọ pé rárá, ẹ sì mọ ìdí tí mo fi máa sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó máa ń tún Òyìnbó ṣe dáadáa, ó sì yá ju mi lọ. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ọmọ 70 ló wà ní kíláàsì SS2 yẹn àfi bí ẹ bá sọ fún un. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín kọ ohun tí ẹ ṣe, kí ó tó bá yín to ọ̀rọ̀.

Irọ́ kékeré

"Ọjọ́ orí fún iṣẹ́", ìyẹn èyí tí èèyàn ń kọ síwèé tí kì í ṣe tirẹ̀ gan-an, ti di àwàdà láàárín wa, àmọ́ ó ti gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó ga ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Ní oṣù keje 1999, Salisu Buhari, olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Abùjá, fipò sílẹ̀ nígbà tó hàn pé kò gba oyè tó ní òun gbà ní Yunifásítì Toronto, àti pé ọjọ́ orí tó kọ kì í ṣe tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń pe ìwé-ẹ̀rí èké ní "Toronto". Ẹ wo oríire tirẹ̀: ó fi ọdún kún ọjọ́ orí ni! Ọ̀pọ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ mi, yíyọ ni wọ́n fẹ́ yọ ọ́. Mi ò kí ń tẹ irú rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fi owó lé e.

Ọmọ 23 ló kọ́kọ́ kúrò lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Fáìlì rẹ̀ ń jẹ́ "CV new new final 2". Mo ní kó yí i padà sí orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń wá. Ẹ̀gbọ́n Gbági gba tirẹ̀ lórí WhatsApp, ó ní òun máa kà á fún ọkọ òun lálẹ́. Bàbá ló pẹ́ jù. A ṣí ímeèlì fún un, ó kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan, ó ká a sínú fìlà. Ó ní kí n má fi CV náà ránṣẹ́ fún òun, kí n kàn fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han òun. Ó fi ìka kan tẹ orúkọ ilé-ìwé náà, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, ó tẹ "send". Ó wá wò mí.

"Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, sà."

Ó ní kí n jẹ́ kí òun tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.